Àyẹ̀wò Kò Rí Nǹkan Kan, Inú Ṣì Ń Run

Aládùúgbò mi kan wà ní Òkè-Àró, níbí ní Àkúrẹ́, tí oúnjẹ kì í kan ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Èkó. Kì í ṣe pé ó ń gbààwẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ẹ̀kọ àti àkàrà méjì pa ebi láàárọ̀, kí mọ́tò tó kọjá Oǹdó, inú òun á ti máa kùn, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa dé Ọ̀rẹ̀, òun á ti bẹ awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kó jọ̀ọ́, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Àwọn àgbà ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ìjà ti 1967 ni wọ́n ń wí. Tirẹ̀, inú ikùn ló ti ń jà á. Èyí tó wá dà á lójú rú ni pé bó bá padà délé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lè kọjá tí kò ní rí ìgbọ̀nsẹ̀ yà.

Ọdún kẹsàn-án tó ti ń bá a yí nìyí. Wọ́n ti tọ́jú taifọ́ọ̀dù fún un títí ó fi mọ orúkọ oògùn náà ju ẹni tó ń tà á lọ. Kẹ́míìsì kan ní úlsà ni. Ìyá alágbo tó máa ń jókòó lọ́nà Arákàlẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì rọ ìgò kan fún un pé kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó kówó jọ, wọ́n ti kámẹ́rà bọ ìfun rẹ̀ láti ìdí, wọ́n wò ó kínníkínní, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Ẹlòmíì ìbá bú sí ìyìn. Ẹkún ni òun sun dé ilé. "Bọ̀dá mi," ó ní, "ṣé irọ́ ni mo wá ń pa láti ọjọ́ yìí ni?"

Kò parọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ṣàlàyé ìyẹn fún un, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń kọrin nínú kwáyà ti gbé páálí oògùn Ṣáínà kan wá bá a, tó kún fún lẹ́tà tí a ò lè kà àti àwòrán ewé. Ó ní oògùn ẹgbẹ̀rún ọdún ni, pé kò sí àrùn inú tí kò ní wò. Aládùúgbò mi gbà á láwìn, ó sì gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ló gùn, torí ọ̀nà ìṣègùn méjì tí kì í fi ojú kan náà wo ikùn ló pàdé nínú ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ tí àwọn dókítà pe àìsàn yìí ni IBS. Tí a bá ní ká sọ ọ́ lédè wa, ìfun tó ń tètè bínú ni wọ́n ń wí. Kì í ṣe egbò, kì í ṣe kòkòrò, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Ìfun náà pé lójú. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò gún. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà kò fi lè rí i. Bí ìgbà tí èèyàn ya fọ́tò rédíò láti mọ ìdí tí ohùn rẹ̀ fi ń ha ni.

Níwọ̀n bí kò ti sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè sọ pé òun nìyí, ìtàn ẹnu aláìsàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ìfun láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ àjọ Rome Foundation ló máa ń to ìlànà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìkẹrin irú rẹ̀ jáde ní 2016. Ó ní kí inú máa run ẹni náà, ó kéré tán, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 3 tó kọjá, kí ìrora náà sì bá ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ tan: kó jẹ́ pé bó bá yàgbẹ́ ló ń rọlẹ̀ tàbí tó ń le sí i, tàbí kí iye ìgbà tó ń yàgbẹ́ ti yí padà, tàbí kí ìgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ má rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ wà, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 sẹ́yìn. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ló ń bá wọn fínra. Tàwọn kan le bí èkùrọ́. Ti aládùúgbò mi, méjèèjì ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Àwọn dókítà ìlú Bristol ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ya àwòrán oríṣi ìgbẹ́ 7, tí wọ́n gbé jáde ní 1997, láti orí èyí tó dà bí èkùrọ́ dé èyí tó jẹ́ omi lásán, kí aláìsàn lè kàn nàka sí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa yínmú bí wọ́n ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n kò sí abiyamọ tí kì í fi ìgbẹ́ ọmọ mọ bí ara ọmọ ṣe rí. Ìgbà tí a dàgbà ni a sọ ọ́ di ohun tí a ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn, títí kan iwájú dókítà.

Àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwádìí kan tó kárí orílẹ̀-èdè 33, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, tí wọ́n bi àwọn tó lé ní 73,000 léèrè ọ̀rọ̀, nǹkan bí 4 nínú 100 àwọn tó dáhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní in, obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ.

Kí ló wá ń bí ìfun nínú? Èdè wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn kí dókítà tó dé. Inú la ń pe ikùn, inú kan náà la sì ń pe ibi tí ìrònú ń gbé. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, inú ń bí mi, inú fu mí, inú ń run mí: ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní náà ti wá to IBS sáàárín àwọn àìsàn tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọpọlọ àti ìfun ló dàrú. Fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára tó wà lára ìfun lé ní 100 mílíọ̀nù. Serotonin, èròjà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìdùnnú àti ìrẹ̀wẹ̀sì, inú ìfun ni ara ti ń ṣe ohun tó ju 90 nínú 100 rẹ̀. Lára ẹni tó ní IBS, ìfun ń pariwo jù, ọpọlọ sì ń gbọ́ jù. Láti 1973 ni wọ́n ti fẹ́ bàlúùnù kékeré sínú ìfun àwọn aláìsàn wò: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ara ẹlòmíì kò kà sí, ìrora gidi ló jẹ́ fún wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "inú orí ẹ ló wà", ó ti sọ ìdajì òtítọ́ lọ́nà ìkà.

Nígbà míì, a máa ń mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2000, ní ìlú Walkerton ní Kánádà, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọnú kànga tí gbogbo ìlú ń mu. Ó lé ní 2,000 èèyàn tó ṣàìsàn, èèyàn 7 sì kú. Àwọn olùwádìí kò fi àwọn ará ìlú yẹn sílẹ̀. Kódà lẹ́yìn ọdún 8, IBS ṣì pọ̀ lára àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ yẹn mú ju àwọn tó bọ́ lọ. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí kòkòrò bá da inú rẹ̀ láàmú gan-an ló ń bá IBS jáde nínú rẹ̀. Kòkòrò ti lọ, ìfun kò gbàgbé. Mo ronú nípa ìyẹn nígbàkígbà tí mo bá rí kànga ilé onílé tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ṣalángá, tó sì pọ̀ káàkiri ìlú yìí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ taifọ́ọ̀dù ti wọlé, mi ò sì ní yára kọjá níbẹ̀. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ láàbù ìgboro fi ń sọ pé taifọ́ọ̀dù ni, Widal ni, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Fernand Widal, gbé jáde ní 1896. Ohun tó ń wá ni àwọn jagunjagun tí ara ti kó jọ láti bá kòkòrò náà jà. Ní ìlú tí taifọ́ọ̀dù wà bíi tiwa, àwọn jagunjagun yẹn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko, torí pé ó ti pàdé kòkòrò náà rí, tàbí kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe Widal kò tó fi dá ẹjọ́. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù láti wo ohun tó máa hù níbẹ̀ ló ṣe é gbára lé jù, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́, ó sì ń gba owó. Nítorí náà "plus plus" ni wọ́n ń kọ, oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fúnni, oògùn yẹn á sì lọ da àwọn kòkòrò rere inú ìfun láàmú, inú á tún máa run, wọn á ní taifọ́ọ̀dù ti padà. Mo mọ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kan, tí ibà kò sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni ìṣègùn òyìnbó wá ní fún un? Oúnjẹ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Monash ní ìlú Melbourne, Ọsirélíà, ni wọ́n ti ṣàkójọ àwọn ṣúgà kéékèèké tí ìfun kékeré kì í lè fà mu tán. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á fi wọ́n pọn ọtí tiwọn, gáàsì á wú, omi á ya wọlé. Ibi tó ti dun Yorùbá ni orúkọ àwọn oúnjẹ náà: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, aáyù, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, wàrà, oyin, máńgòrò. Iṣu àti ìrẹsì kò sí lára wọn, kí ará Oǹdó àti Èkìtì mí kanlẹ̀. Iyán kò jẹ̀bi. Wọn kò ní kí èèyàn pa wọ́n tì títí ayé o. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 ni wọ́n ń fi dín wọn kù, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ń dalẹ̀ nínú wọn.

Àwọn ìyá wa sì ti mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Bí a bá rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, tí a da omi náà nù, tí a tún da omi ìbọ̀ àkọ́kọ́ nù, púpọ̀ nínú ṣúgà tó ń fa gáàsì ti bá omi lọ. Ti àlùbọ́sà, ohun tó ń dani láàmú nínú rẹ̀ ń yòrò sínú omi, kì í yòrò sínú òróró. Ẹni tó bá din àlùbọ́sà ńláńlá nínú òróró, tó wá ṣà wọ́n kúrò kó tó da ata sí i, òórùn àti adùn á wà, ìjà á dín kù. Ata fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ata máa ń ṣá iṣan ìrora inú ìfun lára, bó ṣe ń ṣá ahọ́n. Ẹni tó bá ní IBS tó tún jókòó ti àwo àsun ní Oǹdó lálẹ́ Sátidé mọ ohun tó ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Mi ò ní kó má jẹ ẹ́. Mo ní kó má wọ mọ́tò Èkó lọ́jọ́ kejì.

Ti wàrà, ilé wa ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí kan jáde nípa bí ẹ̀yà oríṣiríṣi ní Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù, ikùn ọ̀pọ̀ wọn ń dà á. Ikùn ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá kò lè dà á. Àwọn kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń pe ara wọn ní alárùn inú, tó jẹ́ pé mílíìkì tí wọ́n ń dà sínú tíì láràárọ̀ ló ń bá wọn jà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì wò ná kí ẹ tó náwó síkáànù.

Oògùn tilẹ̀ wà. Èyí tó ń mú ìfun dẹ̀ bó bá ká kò, bíi hyoscine. Loperamide fún ìgbẹ́ gbuuru. Òróró peppermint nínú kápúsùlù. Èèpo hóró ispaghula fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àtijọ́. Ìwádìí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2023, tí èèyàn 463 kópa nínú rẹ̀, rí i pé ìwọ̀nba kékeré rẹ̀, mílígíráàmù 10 sí 30 lálẹ́, dín ìyà IBS kù ju oògùn òfìfo, èyí tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú, lọ. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aládùúgbò mi gbé ìwé rẹ̀ dé kẹ́míìsì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó lójú, ó ní, "Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé oògùn wèrè lèyí?" Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣan tó ń gbé ìrora láti ìfun lọ sí ọpọlọ ni oògùn náà ń dá lẹ́kun. Kò sí ohun tó kan wèrè nínú rẹ̀.

Ó yá, ká lọ sí Ṣáínà.

Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, kò sí àìsàn tó ń jẹ́ IBS. Bí aládùúgbò mi bá jókòó síwájú oníṣègùn wọn, ìyẹn kò ní bi í pé kí ni láàbù rí. Yóò wò ó, pàápàá ahọ́n rẹ̀. Yóò fetí sí ohùn rẹ̀, yóò gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Yóò bi í ní ìbéèrè lọ jàra: ṣé òtútù máa ń mú un lẹ́sẹ̀, ṣé ó ń lá àlá, ìgbà wo ló ń bínú, ṣé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni inú ń run ún ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Yóò wá fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti gbọ́ bí iṣan ṣe ń sọ. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo èyí ló máa sọ irú àìdọ́gba tó wà lára rẹ̀. Ẹni méjì tí dókítà òyìnbó pè ní oní-IBS lè gba ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àlàyé tí wọ́n sábà ń ṣe nípa inú tó ń run pẹ̀lú ìbínú àti àníyàn ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ gàba lórí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní pi, èyí tí wọ́n gbà pé òun ló ń da oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wí kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tí alápatà ń gé. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fún lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí qi, agbára tó ń yí ara ká, máa lọ geerege. Ìbínú tí èèyàn gbé mì máa ń dí i lọ́nà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò ní yanu sí èyí. Ta ni kò tíì sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kó fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro? Pé ọ̀rọ̀ jọra kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ṣá o. Wọ́n wo ohun kan náà tí à ń wò ni, wọ́n sì fún un lórúkọ tó bá ìlú wọn mu.

Àpòpọ̀ tó lókìkí jù fún irú rẹ̀ ń jẹ́ tong xie yao fang, ìyẹn àgbo pàtàkì fún ìgbẹ́ gbuuru tó ń dunni. Wọ́n kà á sí iṣẹ́ Zhu Danxi, oníṣègùn tó gbé ayé láti 1281 sí 1358. Ohun mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀: gbòǹgbò bai zhu, gbòǹgbò bai shao, gbòǹgbò fang feng, àti èèpo ọsàn tí wọ́n sá gbẹ títí ó fi gbó.

Ṣé ó wo àìsàn? Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò. Ní Sydney, ní ìwádìí tó jáde ní 1998, wọ́n pín aláìsàn 116 sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan gba ewé Ṣáínà tí oníṣègùn ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ara rẹ̀ ṣe rí, àwọn kan gba àpòpọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, àwọn yòókù gba oògùn òfìfo nínú kápúsùlù tó jọra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, ara àwọn tó gba ewé, ìbáà jẹ́ ọ̀nà wo, yá ju ti oògùn òfìfo lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ 14 míì ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn fún ara wọn nìkan ni àlàáfíà náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwádìí tó dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Hong Kong, ní 2006, wọ́n fi àpòpọ̀ kan tí wọ́n gbé ka orí ti Zhu Danxi, tí wọ́n fi ewé míì kún, dán èèyàn 119 wò. Kò yàtọ̀ sí òfìfo. Nítorí náà ẹni tó bá ní ewé Ṣáínà kò wúlò rárá ti yára, ẹni tó bá ní ó dájú náà ti yára.

Ti abẹ́rẹ́ tíńrín tí wọ́n ń gún mọ́ ara, bíi èyí tí wọ́n ń gún ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ orúnkún fún ọ̀rọ̀ ikùn, ló mú mi ronú jù lọ. Ní Boston, ní 2008, Ted Kaptchuk, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ìṣègùn Ṣáínà ní Macau, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn oní-IBS 262 jọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn ni wọ́n lò, tó ń sún wọnú ìdí ara rẹ̀ bó bá ti kan ara, tí kì í gúnni. Apá kan kò gba nǹkan kan, wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Apá kejì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn sọ ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5 lọ. Apá kẹta gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn kan náà, ṣùgbọ́n oníṣègùn kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 45 jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè, ó gbọ́, ó bá wọn kẹ́dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, àwọn tó ní ìtura tó tẹ́ wọn lọ́rùn jẹ́ 28 nínú 100 ní apá kìíní, 44 ní apá kejì, 62 ní apá kẹta. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó wọlé sára ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ìṣègùn Ṣáínà. Èmi rí ohun mìíràn níbẹ̀. Mo bá aládùúgbò mi lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́ kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ la gba káàdì, ó ku díẹ̀ kó di ọ̀sán ká tó wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin la sì lò níwájú dókítà. Kò wojú rẹ̀ tó bó ṣe wo ìwé. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Èrò ṣì kún bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wa, àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ sì ti jápa. Ṣùgbọ́n ìyá alágbo ọ̀nà Arákàlẹ̀ ńkọ́? Ó fún un ní àpótí jókòó. Ó bi í nípa ọkọ, nípa ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, nípa owó àjọ tí ẹnì kan kó sá lọ. Ìgò tó fún un wá sílé ló léwu, torí àsùnwọ̀n àti àwọn nǹkan mìíràn tó ń fọ ìdí ló sábà ń wà nínú àgbo jẹ̀dí, ẹni tó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru kò sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn, mo gbà pé oògùn ni.

Ìdí nìyí tí páálí inú kwáyà kò fi dá mi lójú. Kò sẹ́ni tó wo ahọ́n aládùúgbò mi. Kò sẹ́ni tó mú un lọ́rùn ọwọ́. Oògùn kan náà ni wọ́n ń tà fún onígbẹ́ gbuuru àti ẹni tí kò yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Bí a bá ní ká fi òfin Ṣáínà fúnra rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, páálí náà ti kùnà kó tó dé láàbù.

Ewu sì wà. Ní Brussels, láyé 1990 sí 1993, ilé ìtọ́jú àwọn tó fẹ́ fọn lo ewé Ṣáínà kan. Wọ́n ti fi òmíràn tó ní májèlé dípò rẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé orúkọ wọn jọra. Ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé páálí òyìnbó mọ́: alosetron, oògùn IBS tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2000, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà kó tó di òpin ọdún yẹn torí pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ìfun àwọn kan. Ní 2002 ni wọ́n tún dá a padà, pẹ̀lú òfin líle. Ewé Ṣáínà tó kẹ́sẹ járí gidi, ẹ ti gbé e mì: oògùn ibà artemisinin tí gbogbo kẹ́míìsì wa ń tà, láti ara ewé qinghao ni Tu Youyou ti yọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà náà jáde, wọ́n wọn iye rẹ̀, wọ́n sì dán an wò kó tó dọ́dọ̀ wa. Ní tiwa, nọ́ńbà NAFDAC lára oògùn ewé máa ń bá ìkìlọ̀ kékeré kan rìn, pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà ń sọ wò. Ẹ ka ìkìlọ̀ yẹn kí ẹ tó ka àwòrán ewé.

Nǹkan kan wà tí mo sọ fún aládùúgbò mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe gbogbo inú tó ń run ni IBS. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí èèyàn bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí ìgbẹ́ bá ń jí i lóru, bí ibà bá ń bá a rìn, bí ẹ̀jẹ̀ ara bá ń dín kù, bí gbogbo rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 45, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun, kó má dúró ti àgbo, kó má dúró ti páálí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an la máa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí jẹjẹrẹ á sì máa dàgbà lábẹ́ orúkọ náà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ìpínlẹ̀ wa wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni kí èèyàn ti béèrè fún dókítà ìfun.

Òun kò ní ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyẹn. Ó ti ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ohun tó jẹ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti fi mílíìkì sílẹ̀. Ẹ̀wà rẹ̀ ń sùn nínú omi mọ́jú. Ó ti padà gba amitriptyline rẹ̀ ní kẹ́míìsì mìíràn, níbi tí wọn kò ti bi í ní ìbéèrè. Páálí Ṣáínà náà ṣì wà lórí fìríìjì rẹ̀. Kò tíì ṣí i, kò sì tíì dá a padà, torí ẹni tó tà á fún un ló ń mú ohùn kejì fún un ní kwáyà, ọdún ìkórè sì ti ń sún mọ́.